Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni ìwé ìtàn kíkà fún obìnrin ilé? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dá sí i

Aránṣọ Òkè-Àjé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò níbí, torí bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín ni wọn óò fi mí rín.

Télọ̀ ni mí, aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, télọ̀ kì í sùn. Gbogbo rẹgbẹ́rẹgbẹ́ tó fẹ́ jáde ní Ojúde Ọba ló ń fẹ́ aṣọ tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ kẹta ọdún sì ni, kò sẹ́ni tó lè sún un síwájú. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá ti kọjá, ṣọ́ọ̀bù a dá wáí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rí àyè mí, àyè yẹn ni mo sì fi ń kàwé.

Kì í ṣe ìwé ìdánwò o. Kì í ṣe ìwé àdúrà. Ìwé ìtàn ni. Ọkùnrin kan wà tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, èyí tí ọmọléèwé bíi mélòó kan ti kọ orúkọ sí, tí wọ́n ń fa igi lé orúkọ ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, tíṣà wa ka ojú ewé díẹ̀ fún wa nínú rẹ̀, ó ní ká lọ ka ìyókù nílé. Ta ló ní i nílé? Nígbà tí mo wá rí i lórí tapólì yẹn, n kò tiẹ̀ ná an dáadáa. Èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú!

Alẹ́ ni mo ń kà á, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí mo ti fọ abọ́, tí mo ti rẹ ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Iná sólà kékeré kan ni mo ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ẹ̀yìn mi tó ti ń ro mí látàárọ̀ lórí máṣíìnì, n kì í rántí rẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé ibi tó dùn gan-an, n óò pa ìwé náà dé, n óò dìde mumi, kó má baà tètè tán, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àlàájà fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ìwé lọ́wọ́ mi, á ní, “Ìyá Bàsírà, ìdánwò wo lo tún fẹ́ ṣe?” Ó ní ìwé tí kò mówó wá, tí kò sì mú ẹ̀sìn wá, àlọ́ lásán ni, pé àgbàlagbà kì í jókòó ti àlọ́ nígbà tí ẹ̀gúsí wà nílẹ̀ tí a kò tíì bó. Ọkọ mi kò dá sí i. Ó kàn lọ ra ìwé kan fún mi bọ̀ láti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dolówó. Mo kà á. Mo kà á tán pàápàá. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ìyá mi tó ń ta fùfú ti sọ fún mi kí n tó relé ọkọ: tètè jí, má na ojú owó, má yáwó ṣe ayẹyẹ. Ìyá mi kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè mi rèé. Ẹ̀yin tí ẹ níṣẹ́, tí ẹ lọ́mọ, tí ẹ sì ń kàwé torí pé ó dùn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ilé kì í fi í dàrú? Kí lẹ sì ń dá ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ni yín lóhùn? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n máa jí láago mẹ́rin. Aago mẹ́rin ni mo ti ń jí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìkẹ́nnẹ́)

Ìyá Bàsírà, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Mo fi Yorùbá kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni n óò fi dá yín lóhùn.

Ẹ wo bí ìtàn yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, kò dá jókòó kọ ìwé. Ó wá bá akọ̀wé nílé, ó ní kó mú kálàmù àti tákàdá. Ẹnì kan ń sọ, ẹnì kan ń kọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n ti wá jókòó. Lọ́jọ́ kẹta, èrò ti pọ̀ ju tàná lọ. Ọdún 1938 ni ìwé náà jáde, nígbà tó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ agboolé, ẹnì kan péré ló mọ̀wé. Ẹni yẹn á máa kà, àwọn yòókù á máa gbọ́. Fágúnwà mọ àwọn tó ń kọ̀wé fún. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn rẹ̀ fi ń gùn, tó ń to orúkọ nǹkan tẹ̀léra, tó ń yí ọ̀rọ̀ kan sọ lóríṣiríṣi. Bí ojú nìkan bá kà á, á fẹ́ sú ojú. Ẹnu ló mọ adùn rẹ̀.

Nítorí náà n kò rí ẹ̀bi Àlàájà. Ohun tó ń rí ni pé ìyàwó ilé jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń bá ẹni tí ẹlòmíì kò rí rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní bínú? Ẹ kà á sókè sí i létí. Ẹ̀gúsí tí ẹ ní ẹ kò tíì bó yẹn, ẹ kó o sílẹ̀ láàárín gbogbo yín. Ọwọ́ ló ń bó ẹ̀gúsí, etí kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bó bá rẹ̀ yín, kí Bàsírà gbà á. Ọmọ tó bá ń ka Yorùbá sókè sétí ìyá àgbà á mọ ohùn ju ọmọ tí mo nà lẹ́gba lórí àmì lọ, mo sì nà wọ́n dáadáa.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìtẹ̀síwájú, ọmọ ìlú wa níbí, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti ń ṣòwò, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, kó tó gboyè B.Com. ti Yunifásítì London lọ́dún 1944. Kò kúrò nílé. Inú lẹ́tà ni ẹ̀kọ́ ń bá a. Ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn gún yín lára pé ẹ wo irú ìwé táwọn èèyàn ń kà. Ẹ dá a lóhùn pé ìjókòó ti ìwé gan-an ló ṣòro. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n jókòó tì, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣí.

Dẹ́rẹ́bà Sábó (Ṣágámù)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí àwa tí a kì í gbélé náà sọ̀rọ̀. Mò ń kó èrò láti Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní gáréèjì, bí kò bá tíì kàn mí láti kó èrò, mo lè jókòó títí ìdí á fi kú. Àwọn kan ń ta ayò, àwọn kan ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, àwọn kan lanu sùn. Èmi ń kàwé. Wọ́n ń pè mí ní Lọ́yà.

Ẹ má rò pé ìwé ńlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá alákàrà kan ní Sábó ló kó mi sí i. Bébà tó fi di àkàrà fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹjọ́ ló wà lára rẹ̀: ọkọ àti ìyàwó ń fa ilẹ̀ kan, kálukú ní òun lòun rà á. Mò ń jẹ àkàrà, mò ń kà. Ibi tí adájọ́ ti fẹ́ lanu sọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ti ya bébà. Mo padà lọ bá màmá, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìyókù ńkọ́? Ó ní ó ti bá oníbàárà tó tẹ̀lé mi lọ. Títí dòní n kò mọ ẹni tó jàre. (Ìyàwó ló nilẹ̀, lójú tèmi. Ọkùnrin yẹn ń sọ̀rọ̀ jù.)

Àtìgbà náà, bí mo bá ti rí ìwé ìròyìn Yorùbá, mò ń rà á, mo sì ń kà á látòkè dé ibi ìpolówó tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó ti ṣe fún mi kò ju èyí lọ: ìwé yòówù tẹ́nikẹ́ni bá nà sí mi lójú títì pé kí n fọwọ́ sí, mò ń kà á tán ná. Tẹ́lẹ̀, mo kàn ń fọwọ́ sí i ni. Ẹni tó na ìwé ọ̀hún sí mi á máa wò mí bíi pé mo bú u.

Bàbá Tíṣà, ti kíkà sókè yẹn, ó wù mí kí n dán an wò nínú ọkọ̀, àmọ́ gbogbo èrò ló máa bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Onípákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ dákun, ká má tan ara wa jẹ. Ìwé dùn, ta ló ní kò dùn? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń yin ìwé kíkà nínú ilé, ẹ wádìí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un. Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Nígbà tí Olóyè ń ka B.Com., ta ló ń pọn ọmọ? Màmá Hannah Ìdòwú Dídéolú ni, Ìkẹ́nnẹ́ yín náà ni wọ́n bí i sí, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣòwò, òwò ńlá. Kí lẹ ṣe tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀?

Ìkòkorè ni wọ́n fẹ́ràn nílé mi. Ẹni tó bá ti rin ewùrà rí mọ̀ pé kò fẹ́ kéèyàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ṣẹ́jú báyìí, ó ti lẹ̀ mọ́dìí ìkòkò. Ìyàwó àbúrò mi ló wà nídìí iná lọ́jọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ òsì, ìtàn ìfẹ́ ló ń kà, orógùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, orógùn ọ̀hún kò sì lọ kò bọ̀. Gàrí la mu lọ́jọ́ yẹn. Gàrí Ìjẹ̀bú dáa o, ó kan bó ṣe yẹ kó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pe àwọn àna mi wá.

Rédíò lèmi ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ń wọlé, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo tí mò ń ṣí lójoojúmọ́ ni ìwé gbèsè mi: ẹni tó gbé pákó, iye tó gbé, ọjọ́ tó ní òun á san án. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án, kò sí ìtàn tó dùn tó o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (Ìlíṣàn)

Màmá onípákó, rédíò tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ń kàwé sí yín létí. Ẹ̀yin náà wà lára wa.

Ojú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ìwé ti sú àwọn, pé oorun ló ń kun àwọn bí àwọn bá ti ṣí i. Ìwé kọ́, ojú ni. Bí èèyàn bá ti ń lé ní ọmọ ogójì ọdún, dígí inú ojú (lẹ́ǹsì) tó ń jẹ́ ká rí nǹkan tó wà nítòsí á máa le díẹ̀díẹ̀, kò ní lè yí padà bíi tàtijọ́ mọ́. Ẹ óò kàn rí i pé ẹ ti ń na ìwé jìnnà síwájú, tí ẹ ń fi í wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Ẹ̀yin aránṣọ lẹ máa ń kọ́kọ́ mọ̀, torí òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Awò tí wọ́n fi ń kàwé ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú ọjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò ná. Àìsàn ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Kì í sábàá dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń gba ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti gbà lọ kì í padà. Oògùn lè dá a dúró bí a bá tètè mọ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ní in rí, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Ní tèmi o, fóònù ni mò ń lò. Bí wọ́ọ̀dù bá pa rọ́rọ́ lóru, mò ń ka BBC Yorùbá, látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018. Wikipedia náà wà ní Yorùbá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ níbi ìtàn ìlú kan rí tí mo fi dé ibi ọ̀rọ̀ oyin. Mò ń sọ lẹ́tà rẹ̀ di gàǹgà bó ṣe wù mí, ìyẹn lèyí tí bébà kò lè ṣe. Ọ̀tá fóònù ni WhatsApp. Ẹ óò wà níbi tó dùn, wọ́n á fi àwòrán “ẹ káàárọ̀, Olúwa á ṣe é” ránṣẹ́ láago méjì òru.

Ìyá Onípákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Èmi ni mo máa ń fi àwòrán yẹn ránṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ òru.

Aránṣọ Òkè-Àjé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Lálẹ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, mo kó ẹ̀gúsí sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò sọ pé mo fẹ́ kàwé. Mo kàn ní, “Àlàájà, ọdẹ kan ló yìnbọn sí ẹranko, àfi bó ṣe jẹ́ ìyàwó ẹ̀.” Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Kí lobìnrin ọ̀hún ṣe?” Mo ní ẹ jẹ́ kí n kà á.

Àlàájà kò lọ iléèwé. Lọ́dún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sọ pírámárì di ọ̀fẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi síbẹ̀, òun ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà. Ilé kéú ló lọ. Lójoojúmọ́ ayé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ohùn rẹ̀ ni a máa ń gbọ́ tó ń ké kéú, títí dé ojúlé kejì. Ẹ gbọ́ mi, ẹni tó ń kàwé sókè jù lọ nínú ilé ni mò ń kàwé pamọ́ fún!

Mò ń kà, ó ń dá mi dúró. Kò sí ibi tí kò ti bá ọdẹ wí. Ó ní kí ló dé tí kò mú ẹnì kan dání. Ó ní ìyá òun náà mọ obìnrin kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Mùṣin tí wọ́n ní ó máa ń di ẹranko; ó sọ ìtàn ìyẹn, ó sì gùn ju èyí tí mo kà lọ. Ọkọ mi tó ń wo bọ́ọ̀lù nínú yàrá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀. Nígbà tó ṣe, Bàsírà gba ìwé náà, ó ṣi ohùn lé ọ̀rọ̀ kan, Àlàájà tún un ṣe fún un láìgbé ojú sókè kúrò lórí ẹ̀gúsí. Bàbá Tíṣà, ẹgba yín kò tó ìyẹn.

Ẹ̀gúsí tán, ó ní ká lọ mú òmíì wá. Nígbà tí ìyẹn náà tán lọ́jọ́ kejì, a bọ́ sórí ẹ̀wà ṣíṣà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, kò sóhun tó kù tọ́wọ́ lè ṣe mọ́ nínú ilé, ó ní kí n mú bọ́tìnnì wá láti ṣọ́ọ̀bù. Àlàájà ló bá mi kan bọ́tìnnì bùbá mẹ́ta, ìkankan rẹ̀ kò sì wọ́.

Màmá onípákó, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Bàbá Bàsírà ló ń fọ abọ́ alẹ́ báyìí kí ìwé lè tètè bẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe é. Ìyá rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì, Bàsírà ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lóòótọ́. N óò lọ yẹ ojú wò.

Ṣùgbọ́n wàhálà tuntun ti dé o. Àlàájà ti ṣòfin pé n kò gbọdọ̀ ka ìwé náà lẹ́yìn òun. Ó ní ẹni tó bá ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ kì í kà á dáadáa mọ́, ohùn rẹ̀ á ti máa tú àṣírí. Ló bá gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ìwé tí mo fowó ara mi rà! Ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀pẹ́ látàná, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìró rẹ̀, mo sì jókòó báyìí, mò ń ka ìwé olówó tí ọkọ mi rà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo tún fẹ́ bèèrè: Àlàájà ń da ọ̀rọ̀ bàbá Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó yìnbọn sí ìyàwó ẹ̀ yẹn, rò. Irú èèyàn wo ni, ibo ló ti wá, kí ló rí lára obìnrin yẹn? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìkẹ́nnẹ́)

Ìyẹn kò le. Igbó Olódùmarè ni kẹ́ ẹ wá, 1949 ló jáde. Orí Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn gan-an, ló dá lé. Mo ní ẹ̀dà kan nílé, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n n kì í yá èèyàn níwèé mọ́. Àwọn tí mo ti yá rí, mò ń pàdé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí mi tayọ̀tayọ̀. Ẹ gbé Àlàájà wá sí Ìkẹ́nnẹ́. Àwa náà ní ẹ̀gúsí tí a kò tíì bó.

Ìyá Onípákó, ẹ jàre lórí Màmá. Mo gba ìyẹn.

Dẹ́rẹ́bà Sábó (Ṣágámù)

Èmi ni n óò gbé wọn wá. Kí wọ́n má kà á nínú ọkọ̀ o, n óò kọjá Ìkẹ́nnẹ́.

Ìyá Onípákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Bàbá Tíṣà, bí ìwé bá pọ̀ lọ́wọ́ yín tó báyìí, ẹ óò fẹ́ kan pẹpẹ tí ẹ óò máa tò ó sí. Mo ní ọmọ̀ tó gbẹ dáadáa nílẹ̀. Owó lọ́wọ́ ni o.